Ó Tó

Ọmọ́ládé buwọ́ lùwé pé òun ò mọ màmá tí òun fẹ́ gbẹnu fún rí.

Ògbufọ̀ ni, ní Oak Cliff nílùú òyìnbó, níbi tí Dókítà Reuben ti ń ṣèwádìí ọkàn àwọn tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀.

"Tó bá ti sú yín, ẹ ṣáà sọ pé ó tó, mà. A ó dáwọ́ dúró," Ọmọ́ládé túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún màmá.

Màmá ń ròyìn bí àgbàrá ṣe gbé Táíwò lọ. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè.

"Ó tó."

"Kí ni wọ́n wí?" Reuben béèrè.

"Wọ́n ní ká máa bá a lọ."

Ọmọ́ládé yíjú sí màmá. "Dókítà ní kò tíì tó, mà."

Màmá tẹjú mọ́ ọn.

"Ọgbọ̀n ọdún lo fi ń bi mí léèrè ikú Táíwò nílé. Ọwọ́ kan ni mo fi di igi mú, Kẹ́hìndé ọmọ mi. Ìwọ ni mo fi èkejì fà. Ṣé ó ti wá tó báyìí?"

"Kí ni wọ́n wí?" Reuben tún béèrè.