Ihò Abẹ́rẹ́ Lára Awọ

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kíá. Mi ò fẹ́ pẹ́ ní Ìwó."

Ọkùnrin náà kọ̀, kò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló dúró sí, tó ń wo títì.

Jákẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n fi awọ ṣe ló gbé lé Hàbíbátù, ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, lọ́wọ́. Ó ní kí ó fi òwú àti ẹ̀rọ ìránṣọ ya ẹyẹ idì ńlá sí àyà rẹ̀.

"Apá òsì gan-an, Màmá. Kó bo ibẹ̀ dáadáa."

Hàbíbátù fi àkísà nu ibẹ̀. Pólíìṣì bàtà yọ sára àkísà.

Ihò tíntìntín ló wà lábẹ́ pólíìṣì náà. Ẹnìkan ti tú òwú kúrò níbẹ̀.

Ẹni yẹn ò mọ awọ. Aṣọ lásán, bí wọ́n bá tú u tí wọ́n fọ̀ ọ́, ihò ẹ̀ á dí. Ṣùgbọ́n ibi tí abẹ́rẹ́ bá ti gún awọ, gbére ni.

Hàbíbátù fi ìka tọ àwọn ihò náà lọ.

"Níbo lo ti rà á?"

"Ọ̀rẹ́ mi ló fún mi. Ẹ ṣáà bá mi ṣe é!"

Ó tẹ ẹ̀rọ.

Kò ya ẹyẹ kankan. Ihò àtijọ́ ló ń tọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

Ó gbé jákẹ́ẹ̀tì náà sókè. Orúkọ ló wà níbẹ̀: ABDULFATAH.

"Ẹ̀rọ yìí náà ni mo fi kọ ọ́ lọ́jọ́ tó ra ọ̀kadà. Ó di oṣù mẹ́ta lónìí tó ti gbé èrò lọ sí Ilé-Ogbó, tí kò sì padà wálé.

"Ọmọ mi dà?"