Kàlẹ́ńdà Ìyá Odoch

Lamwaka kì í béèrè. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ tètè gbọ́ ọ, nítorí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, ẹ ó rò pé kò ní àléébù kankan.

Ọmọ náà mọṣẹ́ ọwọ́. Àwa obìnrin àdúgbò wa ní ìlú Gulu la jọ ń fi bébà ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí tirẹ̀ ń jọ̀lọ̀ tó ti Lamwaka. Á gé bébà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ á fẹ̀, orí rẹ̀ á ṣe ṣóńṣó. Á ká a mọ́ abẹ́rẹ́, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, á fi fáníìṣì pa á lára. Ohun tó bá wà lára bébà náà á wọnú lọ, ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ni ojú máa ń rí. Kàlẹ́ńdà tó ti lo ọdún rẹ̀ tán ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, torí pé ó nípọn, ó sì ń dán. Bí ọdún bá ti yí, ilé dé ilé ni Lamwaka ń lọ kó o.

Kó máa kó èyí tí wọ́n fún un, ìyẹn ò burú. Èyí tí wọn ò fún un ńkọ́? Ó gé páálí tíì mi nígbà tí tíì ṣì kù nínú rẹ̀. Inú abọ́ iyọ̀ ló da tíì náà sí. Ó gé ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé orin olórí akọrin, ọkùnrin náà dúró níwájú ìjọ, ó ń wá orin kìíní kiri. Tí o bá sì bínú sí i, ẹ̀rín ni yóò máa rín.

"Ẹ má bínú, Ìyá Lanyero. Mo ní màá sọ fún yín tó bá yá."

"Tó bá yá wo? Ṣé nígbà tí o bá gé èmi náà tán?"

"Ẹ̀yin? Ẹ ti hunjọ jù, ẹ ò ṣeé ká!"

Kí n tó mọ̀, ó ti so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn, èmi náà á sì bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la kẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́.

Ìyá Odoch ni aládùúgbò rẹ̀, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Odoch ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ibà ló sì pa á kí wọ́n tó gbé Lamwaka níyàwó wá sí àdúgbò wa. Ọmọ yẹn mọ ijó! Lọ́dún tó jó bwola, ijó ààfin ilẹ̀ wa, ìyẹ́ ògòǹgò wà lórí rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wa ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí kàlẹ́ńdà. Kò ní àwòrán mìíràn láyé. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń kí i lára ògiri kó tó lọ sóko.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Odoch ń lọ sóko ọ̀dùnkún. "Lamwaka ọmọ mi, bá mi fojú sí ẹ̀gẹ́ tí mo sá o. Tí òjò bá ṣú, kó o wọlé fún mi."

Òjò ṣú. Lamwaka kó ẹ̀gẹ́ wọlé, ó gbójú sókè, ó rí kàlẹ́ńdà tí ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Àánú arúgbó náà ṣe é. Ó ní, "Ìyá mi yìí ò mà ríran mọ́, ọdún àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń kà. Ẹ jẹ́ n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ fún wọn." Ìfẹ́ ló fi ṣe é, Ọlọ́run ń gbọ́.

Òjò dá arúgbó náà dúró sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Kó tó dé lọ́jọ́ kejì, ìlẹ̀kẹ̀ ti gbẹ.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá! Ẹ tẹrí ba díẹ̀."

Ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Arúgbó náà fọwọ́ pa á, ó jó díẹ̀, èmi tí mo wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. "O ṣeun, ọmọ mi. Wàá bí, wàá tọ́." Ó wọlé. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Lamwaka! Ta ló ká Odoch lára ògiri?"

"Odoch wo, Ìyá?"

"Odoch ọmọ mi! Tó wà lára kàlẹ́ńdà!"

Ọwọ́ ni Lamwaka gbé sókè, ó nà án sí ọrùn arúgbó náà.

Háà! Igbe tí Ìyá Odoch ké lọ́jọ́ náà, n kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láyé. A rẹ ìlẹ̀kẹ̀ náà sínú omi gbígbóná, fáníìṣì ò gbà. Mo wá fi abẹ là á: orúnkún jáde nínú ọ̀kan, ìyẹ́ ògòǹgò jáde nínú òmíràn. Ìyá Odoch gba èyí tó kù lọ́wọ́ mi.

"Ó tó. Ẹ má gé ọmọ mi mọ́."

Lamwaka sáré jáde, ó ń lọ láti ilé dé ilé, bóyá ẹnì kan ṣì ní irú kàlẹ́ńdà náà. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí i tó ń béèrè. Ìdáhùn kan náà ló sì ń gbà lẹ́nu gbogbo ayé: "Ṣebí ìwọ náà lo kó o lọ!" Tèmi ńkọ́? Ọrùn mi ló wà. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ó padà wá, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Ìyá Odoch ò nà án, kò sì ṣépè. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó pẹ́ tí mi ò ti rí ojú ọmọ mi dáadáa mọ́. Ìwọ lo rí i kẹ́yìn. Sọ fún mi, ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

"N ò mọ̀, Ìyá. N ò wo ojú rẹ̀. Bébà ni mò ń wò."

Títí di òní, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn wà lọ́rùn Ìyá Odoch. Kò ríran so ó fúnra rẹ̀, nítorí náà Lamwaka ni yóò wá so ó fún un láràárọ̀. Arúgbó náà á fọwọ́ kàn án, á ní, "Odoch, o jíire?" Lamwaka á sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń di òwú náà. Ìyà rẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè bá a jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Inú rere kò sọ ohun olóhun di tiwa. Ohun tí ọdún rẹ̀ ti kọjá lójú rẹ lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ ẹlòmíràn, torí náà béèrè kí o tó gé e. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fi ẹ̀rín bo àléébù ọmọ tí ẹ fẹ́ràn, ẹ bá a wí nígbà tó ṣì jẹ́ pé páálí tíì ló ń gé.