Ẹni Kan Péré ní Ẹ̀yìn Òsì

Dúró níbẹ̀ ná. Má tíì kọjá sí nǹkan mìíràn. Gbé ojú rẹ síbí, kí o sì fetí sílẹ̀, nítorí bí o bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní káńpù kan lẹ́bàá Asese yìí tán tí kò rí ọ lára, yẹ ara rẹ wò.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ló kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ síbẹ̀ kí ìdíje ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àyè ti kún, ó ku ẹ̀yìn òsì nìkan, ìyẹn àyè agbábọ́ọ̀lù tó ń dí ẹ̀yìn ní ọwọ́ òsì. Àwọn méjì ló ń dù ú, Ládélé àti Jésùlayọ̀mi. Kóòṣì Láwàlì sì ti là á mọ́lẹ̀ létí gbogbo wọn: "Ẹni kan ni mo fẹ́. Ẹni kejì á gba ilé lọ."

Ládélé fẹ́ àyè yìí bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó ti pẹ́ tó ti ń sáré láti pápá dé pápá, ẹgbẹ́ kankan kò mú un rí. Ó sọ fún wọn pé ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni òun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Láràárọ̀, kí àwọn yòókù tó jí, á ti wà lẹ́yìn ṣáláńgá káńpù, nínú òórùn tí gbogbo ènìyàn ń dímú sá fún, á máa fá irùngbọ̀n.

"Alàgbà Ládélé!" Zubair tó ń ṣọ́ gólì kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, sà, nígbà tí wọ́n ṣí márosẹ̀ Ìbàdàn, ṣé ẹ̀yin lẹ gé ríbọ́ọ̀nù?"

"Ìyà ló jẹ́ kí ojú mi gbó," ni Ládélé á wí. Wọ́n á tún bú sẹ́rìn-ín.

Jésùlayọ̀mi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ga, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mú bí abẹ. Kẹ̀kẹ́ Maruwa kan náà ló gbé òun àti Ládélé wá láti ibùdókọ̀ Lotto, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó dé gẹ́ètì, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pe Ládélé, àmọ́ ó máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ti jáde tó rí Ládélé lẹ́nu ọ̀nà, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kó tó rántí ibi tó wà. Ó sáré di okùn bàtà mú.

"Ẹ wò ó, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún alàgbà!" Zubair kígbe.

"Orí ọmọ yìí ò pé," Ládélé wí, ó sì gba orí rẹ̀ kọjá.

Nírọ̀lẹ́, Morádéyọ̀ pe Ládélé lórí fóònù. Ìyàwó rẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ní káńpù pé ó ní ìyàwó. Ó gbé fóònù lọ sẹ́yìn ṣáláńgá.

"Ẹ bá mi wo orúnkún yẹn o," ni obìnrin náà wí. "Ẹ má jẹ́ kó tún yẹ̀."

"Mo ń wò ó."

Ládélé náà ló ń darí àdúrà àárọ̀ ní káńpù. Á lọgun títí ohùn rẹ̀ á fi bo ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń wá láti ibùdó àdúrà òdìkejì títì. "Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí àyè tí Olúwa pèsè fún mi, Baba, fipá gbé e dìde! Ẹsẹ̀ tó bá ń sá níwájú mi, Baba, dá a dúró!" Gbogbo wọn á ṣe àmín. Jésùlayọ̀mi náà á ṣe àmín, á máa wo ilẹ̀.

Lórí pápá, ọmọ náà kò jẹ́ fara kan án. Bí Ládélé bá ti ń bọ̀, á yà fún un. Kóòṣì Láwàlì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí ló dé? Ṣé ọba ni?"

"Rárá, sà."

"Tí o bá tún yà fún un, gbé báàgì rẹ."

Láti ìgbà náà ni kò ti yà mọ́. Ó ti bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ Ládélé kọjá, ó dúró dè é, ó tún tì í gba ibẹ̀. Zubair dì mọ́ òpó gólì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ládélé rí bí Kóòṣì ti ń mi orí sí ọmọ náà, ó mọ̀ pé àyè náà ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ojoojúmọ́ ni Jésùlayọ̀mi ń wé báńdéèjì mọ́ orúnkún òsì, kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé ọ̀tún ni kò lágbára. Ládélé mọ̀. Ní ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù wà ní apá kejì pápá, ojú gbogbo ènìyàn sì tẹ̀lé e lọ. Ládélé kò wo bọ́ọ̀lù. Ó sáré bọ̀, ó na ẹsẹ̀, ó sì fi gbogbo agbára gbé ìsàlẹ̀ búùtù rẹ̀ lé orúnkún ọ̀tún ọmọ náà. Ohun tó dún, Zubair gbọ́ ọ láti ẹnu gólì.

Jésùlayọ̀mi di orúnkún náà mú nílẹ̀. Ojú Ládélé ló ń wò.

"Ẹranko ni ẹ́!" Zubair ti dé, ó tutọ́ sílẹ̀. "Ọmọ kékeré?"

"Bọ́ọ̀lù ni mò ń lọ gbà," Ládélé wí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọlọ́run rí mi."

Kò sí ẹlòmíràn tó kù fún ẹ̀yìn òsì. Láwàlì ju jẹ́sì sí Ládélé bí ẹni tó ń ju egungun sí ajá, kò wo ojú rẹ̀. "Wọ̀ ọ́, kí o kúrò níwájú mi." Ládélé wọ̀ ọ́. Ó kúnlẹ̀ láàárín pápá, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa sókè ketekete.

Wọ́n tẹ́ ọmọ náà sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Láwàlì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Fún mi ní nọ́ńbà bàbá rẹ. Ó gbọ́dọ̀ wá bá wa ní ọsibítù."

"Ẹ má pè é, sà," ni Jésùlayọ̀mi wí, ó sì nàka sí àárín pápá, "dádì mi ló kúnlẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn."

Ìwọ tí ò ń ka èyí, bí ohun kan bá wà lọ́wọ́ rẹ tó jẹ́ ti ọmọ rẹ, mo bẹ̀ ọ́, dá a padà fún un kí o tó kúnlẹ̀ àdúrà lónìí.