Ọjọ́ Tí Tíṣà Ajíbóyè Fẹ́ Wo Sátọ̀nì

Ní Ìgbájọ, ìlú orí òkè tí atẹ́gùn tútù kì í wọ́n, ọkùnrin kan wà tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ajíbóyè lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Èèyàn dáadáa ni. Kì í ṣe ìkà, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níwèé. Àléébù kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀yin ọmọ mi: kò lè sọ láé pé nǹkan kan rú òun lójú. Bí ẹ bá béèrè ọ̀nà ibi tí kò dé rí lọ́wọ́ rẹ̀, á júwe rẹ̀ fún yín.

Lọ́dún kan, nínú oṣù kọkànlá, òjò ti dá, ọyẹ́ kò sì tíì dé, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọmọ ìlú wa kan, Ọmọ́wùnmí, tó ń kọ́ni nípa ìràwọ̀ ní yunifásítì, wá sílé. Ó gbé awò gígùn kan wá, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà lójú ọ̀run. Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá sí pápá ilé ẹ̀kọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kódà ẹni tí kò kàwé rárá. Òun á kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀, lẹ́yìn náà kálukú á wo Sátọ̀nì, ayé ńlá ojú ọ̀run tí òrùka yí ká.

Inú Tíṣà dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ nípa Sátọ̀nì, Ọmọ́wùnmí gan-an wà lára wọn, àwòrán inú ìwé nìkan ló sì rí. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ kiri àdúgbò láti àárọ̀ ni pé, “Èmi mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ wò ó.”

Aago méje kò tíì lù tí pápá ti kún. Lẹ́yìn àlàyé, àwọn àgbà ló kọ́kọ́ tò. Ẹni tó ṣíwájú Tíṣà pẹ́ nídìí awò, wọ́n sì ti pe Ọmọ́wùnmí sápá kan kó wá dáhùn ìbéèrè. Nígbà tó kan Tíṣà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú sí i. Òkùnkùn ni. Ó ṣẹ́jú, ó tún wò ó. Òkùnkùn biribiri. Ó gbọ́ ohùn àwọn tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó rántí bó ṣe ń fọ́nnu láti àárọ̀.

Ó gbórí sókè. “Ó mà rẹwà o,” ó wí. “Òrùka rẹ̀ ń dán, bí mo ṣe kọ́ yín gẹ́lẹ́.” Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá Fẹ́yí, aránṣọ kan ládùúgbò wa, ló kàn. Ó wò ó títí, ó ní, “Èmi ò rí nǹkan kan o. Dúdú ni gbogbo rẹ̀.”

Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. “Bóyá ojú yín ni. Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i báyìí.”

“Ó lè jẹ́ ojú mi lóòótọ́,” ni obìnrin náà wí, “ṣùgbọ́n n ò rí i, n ò sì lè sọ pé mo rí i.”

Ọmọ́wùnmí sáré wá, ó yọjú wò ó. “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ̀rọ̀, mà. Kì í ṣe ojú yín. Ilẹ̀ ayé tí a dúró lé yìí ń yí. Tó bá ti tó ìṣẹ́jú kan sí méjì, ohun tí à ń wò á ti kúrò lójú awò. Èmi ni mi ò tètè tún un ṣe.” Ó sún awò náà díẹ̀, ó ní kó tún wò.

Ìyá Fẹ́yí tún fojú sí i. Nígbà tó gbójú sókè, omi ti lé sí i lójú. “Olúwa, o ṣeun tí o jẹ́ kí n rí èyí.”

Tíṣà ti lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó mọ̀ pé àwọn kan nínú èrò á ti fura. Ọmọ́wùnmí náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Bí àwọn èèyàn ṣe ń wò tí wọ́n ń kúrò tẹ̀ríntẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ni ìkùukùu ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọmọ́wùnmí á gbé awò rẹ̀ lọ. Bí Tíṣà bá dákẹ́, á lọ sílé láìrí ohun tó ti ń wù ú láti rí láti ìgbà èwe.

Ó dìde, ó rìn lọ síwájú gbogbo èèyàn. “Ọmọ́wùnmí, irọ́ ni mo pa. N kò rí i. Ojú ló ń tì mí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́bìnrin tó kàn lórí ìlà yẹ̀ fún un. Ọmọ́wùnmí tún awò náà ṣe, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ fún mi pé ó wà lókè níbẹ̀, sà. Ẹ wò ó.”

Tíṣà wò ó. Ó rí ohun róbótó kan, kékeré bí ìlẹ̀kẹ̀, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, kò sì kàn án lára. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run. Ọ̀dọ̀ Ìyá Fẹ́yí ni Tíṣà kọ́kọ́ lọ. “Ẹ ṣeun gan-an ni,” ó wí. “Ká ní ẹ purọ́ bíi tèmi ni, ọ̀pọ̀ wa ni ì bá lọ sílé láìrí nǹkan kan.” Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọmọ́wùnmí pé kò dójú ti òun.

Nígbà tí Ọmọ́wùnmí tún wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó bẹ Tíṣà pé kó bá àwọn tí kò wò ó rí sọ̀rọ̀. Tíṣà ròyìn ohun tó ṣe fún wọn, kò fi bò. Lọ́jọ́ náà, ẹni tí kò bá rí nǹkan kan ń sọ ọ́, wọ́n sì ń tún awò ṣe fún un. Gbogbo wa la rí i, èmi náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má sọ pé ẹ ti rí ohun tí ẹ kò rí, torí kò sẹ́ni tó máa tún fi hàn yín. Bí ẹ bá sì ti sọ ọ́, kò tíì pẹ́ jù láti jẹ́wọ́. Ẹni tí òtítọ́ rẹ̀ bá ṣí ọ̀nà fún yín, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá kí ẹ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.