Àgbọ̀n Ọ̀pọ̀lọ́ Jímọ̀

Jímọ̀ ní ahọ́n òun ta láti Ìbàdàn lánàá, ó mú àwòdì ní Ìlọrin, ó sì ti padà délé kóun tó panu dé. Ọ̀rọ̀ náà rú Bàbá Sàláwù lójú, ṣùgbọ́n iṣan ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ń rán sí àgbọ̀n èèyàn kó lè máa ta ahọ́n mú ẹ̀fọn, tirẹ̀ ti dẹ̀ bíi rọ́bà ṣòkòtò, ilé tí ò bá sì lẹ́ni tó ń fahọ́n mú ẹ̀fọn, wolé-wolé á tì í pa. Ló bá bẹ Jímọ̀ kó dúró fóun.

Wolé-wolé dé. "Ó yá, ta á!"

Jímọ̀ fún àgbọ̀n pọ̀. Pàà! Ẹ̀fọn ṣì ń kọrin.

"Ahọ́n dà?" Bàbá Sàláwù bèèrè.

"Ó ti lọ, ó ti bọ̀, Bàbá! Ojú yín ni ò ká a!"

"Lanu," ni wolé-wolé wí.

Rọ́bà táwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ ló já bọ́ lẹ́nu Jímọ̀, kò sí iṣan ọ̀pọ̀lọ́ kankan níbẹ̀. Kí Bàbá tó bèèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wolé-wolé ti ń yọ àgádágodo tó fẹ́ fi tilé pa jáde, Jímọ̀ ti fò fẹ́ńsì.