Fọ́tò Oko Ẹlòmíràn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ìtàn yìí tì ní ìdajì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

1.
Àgbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Kó-ewé-jọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sun oko, ewé gbígbẹ ni òun máa ń kó bo ilẹ̀ tirẹ̀, kí oòrùn má baà fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Wọ́n a ní, "Àbí òtútù ń mú ilẹ̀ ni, tó o fi ń da aṣọ bò ó?" Òun náà a bá wọn rẹ́rìn-ín. Èèyàn dáadáa ni, ẹ má tíì bínú sí i.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: ẹ̀rọ tó ń fi oòrùn fa omi. Láìsí i, tòmátì rẹ̀ ò ní la ọ̀gbẹlẹ̀ já. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, gbà á níyànjú pé kó bẹ àwọn èèyàn lórí ayélujára kí wọ́n dáwó fún un. Ó ya fọ́tò oko rẹ̀, ó gbé e síta.

2.
Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èèyàn mẹ́rin péré ló dáwó. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀wé sí i pé: "Ọmọ mi, mo rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Má kánjú."

Àmọ́ ojú ń kán an. Ojú sì ń tì í, torí ewé gbígbẹ àti tòmátì kéékèèké nìkan ló hàn nínú fọ́tò náà. Ó bá fo ààlà, ó lọ dúró sáàárín oko aládùúgbò rẹ̀, níbi tí tòmátì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ìyàwó rẹ̀, tó di fóònù mú, ní, "Bàbá wọn, oko wa kọ́ nìyí o."

"Ṣé àwọn tó ń wo fóònù mọ ààlà oko ni? Yà mí jàre."

Ìyàwó yà á, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn. Wọ́n gbé e síta, kò sì pẹ́ tí owó fi pé.

3.
Ìlànà àwọn tó ń bá wọn kó owó náà jọ lórí ayélujára ni pé ọ̀kan nínú àwọn olùdáwó gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí oko kí owó tó jáde. Nọ́ọ̀sì àgbà ni wọ́n yàn. Kó-ewé-jọ mú un gba inú oko aládùúgbò. Ni olóko bá yọ, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ káàbọ̀ sóko mi o, Ìyá!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ò kàn lanu kí Kó-ewé-jọ wọnú rẹ̀ ni.

Ìyá ò pariwo. Ó ní, "Tìrẹ ńkọ́?" Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká ewé kúrò, ó ki ọwọ́ bọ ilẹ̀. Ilẹ̀ dúdú, ó tutù, ekòló ń rìn nínú rẹ̀. Omi bọ́ lójú ìyá.

"Ọmọ mi, èyí gan-an ni mo dáwó fún. Kí ló dé tó o fi pa á mọ́?"

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ojú ló tì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí bóyá oko inú fọ́tò ni tìẹ. Mi ò ní lè purọ́."

4.
Ìyá sọ òótọ́, wọ́n sì dá owó padà fún àwọn olùdáwó. Ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Tọkọtaya náà fi korobá pọnmi títí apá fi ń ro wọ́n, síbẹ̀ tòmátì kú lórí ìdúró.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Àwọn opó mẹ́ta kan ládùúgbò náà, tí àwọn náà kì í sun oko, bẹ̀bẹ̀ fún irú ẹ̀rọ yẹn lórí ayélujára lẹ́yìn náà. Èsì tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ àwọn olùdáwó ni: "A ti rí irú yín rí." Kó-ewé-jọ lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn fà á dìde, ó ní, "Dìde, àbúrò mi. Àwa ò bínú. Omi la ò ní."

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, àwọn tó fẹ́ ran àgbẹ̀ tó ń tọ́jú ilẹ̀ lọ́wọ́ ṣì pọ̀. Ẹ má fi irọ́ lé wọn sá. Ohun tí ẹ ní ni kí ẹ fi hàn, bó ti wù kó kéré tó. Purọ́-n-níyì, ẹ̀tẹ́ ní í gbẹ̀yìn rẹ̀.