Fíúsì Tí Á-gbé-e Kò Pààrọ̀

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Á-gbé-e. Kì í ṣe ọ̀lẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì yá níṣẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í ṣiṣẹ́ dé ìdí. Rìwáyà ni, ó ń tún iná alùpùpù ṣe nínú ìsọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bó bá ti so wáyà kan mọ́ òmíràn tí iná tàn, iṣẹ́ parí nìyẹn. Bí oníbàárà bá bi í pé ṣé kò ní í tún bàjẹ́, á ju ọwọ́ sókè, á ní, "Á gbé e." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn, kì í sì í dá ẹnikẹ́ni dúró pẹ́. Àwọn mìíràn máa ń padà wá pẹ̀lú ìyọnu kan náà, á rẹ́rìn-ín, á tún so ó. Kò sẹ́ni tó bínú títí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ́ ọn lára.

Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Alùpùpù àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ ló ń gùn lọ sílé àwọn aboyún. Òun náà ló ń tọ́jú ìyá wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, nínú yàrá tó wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti alùpùpù náà wá sí ìsọ̀ àbúrò rẹ̀, òógùn bò ó.

"Ojú ọ̀nà ló kú sí," ó ní. "Mo ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jó."

Á-gbé-e ṣí ìjókòó alùpùpù náà. Fíúsì ti jó dúdú. Àwọn wáyà ti yọ́ mọ́ ara wọn bí àbẹ́là, wọ́n sì gba abẹ́ táńkì epo lọ. Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ó yẹ kó gbé táńkì kúrò, kó wá ibi tí wáyà ti ń fara kan irin, kó gé gbogbo èyí tó ti yọ́ dànù, kó fi tuntun sí i, kó tó wá ki fíúsì mìíràn bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń pè é láti òdìkejì títì.

Ó fi téèpù dúdú wé ibi tí ojú tó. Ó bó wáyà bàbà kan, ó ká a pọ̀, ó sì kì í bọ ojú ihò fíúsì. Torí kí fíúsì lè jó nígbà tí iná bá pọ̀ jù ni wọ́n ṣe ń fi í síbẹ̀. Bàbà tó nípọn tó báyẹn kò ní í jó. Ó yí kọ́kọ́rọ́, iná tàn.

"Ṣé o ti pààrọ̀ fíúsì yẹn?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Mo ti pààrọ̀ rẹ̀."

"Ibi tó ti ń jó ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ jàre. Á gbé e."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣàdúrà fún un, ó sì gùn ún lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, agbẹ̀bí ti ẹnu iṣẹ́ dé, ó sì ti alùpùpù náà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yí ọwọ́ alùpùpù náà kó lè fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, ó wá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ gbé omi kaná fún ìyá wọn. Lábẹ́ táńkì, wáyà tó ti bó kan irin. Ká ní fíúsì ló wà níbẹ̀, ì bá jó, ọ̀rọ̀ ì bá sì tán síbẹ̀. Bàbà kò jó. Wáyà ló pọ́n bí ẹ̀yinná títí tó fi ràn mọ́ epo. Ẹ̀fín kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé òpin.

Àwọn aládùúgbò fọ́ fèrèsé, wọ́n gbé màmá jáde. Iná kò kàn án rárá. Ẹ̀fín ló pa á.

Nígbà tí Á-gbé-e dé, wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ìyá rẹ̀. Ó ń retí ẹkún, ẹkún kò wá. Ó kàn dúró, ó ń wo omi tó ń kán láti orí òrùlé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóṣòó ti alùpùpù tó jóná. Ilé fíúsì ti yọ́ tán, bàbà ṣì wà níbẹ̀ lódindi.

"Ṣé fíúsì nìyí?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ní o ti pààrọ̀ rẹ̀."

Obìnrin náà kò bú u. Ó dìde, ó fọ ọwọ́, ó lọ jókòó ti òkú ìyá wọn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó ránṣẹ́ pé kí àbúrò òun má fọwọ́ kan pósí. Á-gbé-e dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn bí ẹni tó ń kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn oníbàárà wá kó alùpùpù wọn, àwọn kan ṣí ìjókòó tiwọn níṣojú rẹ̀ láti yẹ ibẹ̀ wò. Ìsọ̀ náà tì. Sìmẹ́ńtì ló ń rù báyìí. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́. Bó bá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á dá a lóhùn bí èèyàn ṣe ń dá àlejò lóhùn. Títí dòní, kò tíì sunkún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, iṣẹ́ tí ojú oníbàárà kò tó ni kí ẹ ṣe dáadáa jù lọ, nítorí ibẹ̀ ló ti fọkàn tán yín. Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ẹ sọ pé ẹ kò tíì ṣe é. Ká ní Á-gbé-e sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá kàn fi alùpùpù náà sílẹ̀ ní ìsọ̀, kó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ni.